Láti Àbà dé Òòfà: Ìtàn Ìtọ́jú Bárakú Igbó Mímu láàrin Èkó àti Abẹ́òkúta

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ìtàn ìtọ́jú àwọn tí igbó mímu ti di bárakú fún ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tí igbó bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì títí di àkókò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi agbára òòfà ta ọpọlọ jí kí ìyánhànhàn igbó lè dínkù. A fi ìlú Akútè ṣe ibùdó àkíyèsí wa nítorí pé ó wà láàrin ilé ìwòsàn Yábàá àti ilé ìwòsàn Àrò. Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé ohun èlò ìtọ́jú ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yí padà: ẹni tí ó ń bá aláìsàn rìn ni ó máa ń mú kí ìtọ́jú jẹ́. A sì ṣe àlàyé bí èyí ṣe kan olùkọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

1. Ìfáárà

Akútè jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ẹnu ààlà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ajúwọ̀n, Alágbọlé àti Lámbè ni àwọn aládùúgbò rẹ̀. Odò Ògùn ń ṣàn kọjá nítòsí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti ń fa lára omi tí àwọn ará Èkó ń mu. Bí omi ṣe ń ti Akútè lọ sí Èkó ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ náà ń lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń wọkọ̀ gba Òjodù lọ sí ibi iṣẹ́; ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà. Láàrin àkókò yìí, ọmọ yóò ti ilé ẹ̀kọ́ dé, yóò bá ilé òfìfo.

Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ pé Akútè burú ju ibòmíràn lọ. Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní Mówé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀ náà nìyẹn. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìṣirò ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ni ó lo igbó ní Nàìjíríà láàrin ọdún kan. Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù, èyí tí í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ni lílo oògùn olóró ti pọ̀ jù lọ: nínú 100 àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 64, ó lé ní 22 tí ó lo ọ̀kan nínú àwọn oògùn wọ̀nyí láàrin ọdún náà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó nìkan, iye náà jẹ́ 33 nínú 100.

Bí òbí kan ní Akútè bá wá rí i pé igbó ti di bárakú fún ọmọ òun, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún un láti rí dókítà àrùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ọ̀kan lọ sí gúúsù, sí Yábàá ní Èkó. Èkejì lọ sí àríwá, sí Àrò ní Abẹ́òkúta. Ìtàn bí ọ̀nà méjèèjì ṣe là, ohun tí a ti ṣe fún aláìsàn ní ìparí wọn, àti ohun tuntun tí ayé ń gbìyànjú lónìí ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ méjì yé ara wa. Bárakú ni ìwà tí ó ti mọ́ ènìyàn lára débi pé kò lè fi í sílẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń ba òun jẹ́. Ìyánhànhàn ni bí ọkàn ṣe ń fà sí ohun náà nígbà tí kò sí lọ́wọ́. Ẹni tí ó ti ń mu igbó lójoojúmọ́ tí ó sì dáwọ́ dúró yóò máa kanra, oorun kò ní í kùn ún dáadáa, oúnjẹ kò ní í wù ú. Èyí máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan sí méjì, a sì máa le jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń padà sídìí rẹ̀, tí àwọn ará ilé yóò sì máa sọ pé kò fẹ́ jáwọ́ ni.

2. Bí igbó ṣe dé àárín wa

Orúkọ tí a ń pe ohun yìí kì í ṣe orúkọ àbísọ. Àwọn ewé tí àwọn baba wa mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní orúkọ tiwọn: ewúro, rínrín, òdúndún, asofẹ́yẹjẹ. Ṣùgbọ́n ní ti èyí, igbó lásán ni a pè é, bí ẹni pé a ò mọ ohun tí à bá pè é. A wòye pé orúkọ bẹ́ẹ̀ bá ohun tí ó dé láìpẹ́ mu, tí àwọn tí ń lò ó sì ń dárúkọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Èrò tí ó gbilẹ̀ jù lọ láàrin àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun tí ó ti Íńdíà àti Bọ́mà padà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú àwọn awakọ̀ ojú omi, ni ó mú un wọlé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, ni ó jà ní Bọ́mà láàrin ọdún 1943 sí 1945 lábẹ́ ẹ̀ka ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti èjìlélọ́gọ́rin. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1950, igbó ti ń hù nínú oko ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì ti ń tà á fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wá di àṣà lẹ́nu wa nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, pé igbó ni ó mu.

Àwọn dókítà wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Ní ọdún 1964, Dókítà Tọlání Asuni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àrò tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó dá lórí oògùn olóró, ó sì ṣàlàyé ìṣòro tí igbó ń dá sílẹ̀ láwùjọ àti nínú ọpọlọ ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni ní Ísírẹ́lì ya ohun tí ń pa ènìyàn bí ọtí nínú igbó sọ́tọ̀ tí wọ́n sì mọ bí ẹ̀dá rẹ̀ ṣe rí. Òun ni a ń pè ní THC. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi èyí sọ́kàn: ní ọdún tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ewé náà gan-an, àwọn aláìsàn rẹ̀ ti jókòó sí iwájú dókítà ní Abẹ́òkúta.

3. Àbà, Yábàá àti àwọn abúlé Àrò

Kí ilé ìwòsàn tó dé ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní àwọn oníṣègùn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwo wèrè. Wọ́n máa ń gba aláìsàn sílé, wọ́n a sì máa fi ewé, egbò àti ọ̀rọ̀ tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá ń jà, wọn a fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè é tàbí kí wọ́n kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àbà náà ni ọ̀pọ̀ ń rántí, ṣùgbọ́n ewé náà kò yẹ ní gbígbàgbé. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ wà lára ohun tí wọ́n ń lò láti mú kí ara aláìsàn balẹ̀. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò, tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ṣe ń fi í wo wèrè. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ti rí oògùn kan fà yọ nínú ewéko Íńdíà tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ ní ọdún 1952, wọ́n sì ti ń lò ó káàkiri ilé ìwòsàn wọn.

Ìjọba amúnisìn kọ́ ilé tirẹ̀. Ilé àwọn wèrè ní Yábàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1907, òfin tí ó de àwọn wèrè sì jáde ní ọdún 1916. Kíkó wọn kúrò ní ìgboro ni ó jẹ ìjọba lógún. Ìwòsàn kò jẹ ẹ́ lógún tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1944, nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́, a dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta. Ohun tí ilé wọ̀nyí àti àbà oníṣègùn fi jọra ni pé wọ́n di aláìsàn mú. Níbi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ẹbí ṣì ń wà ní àgbàlá oníṣègùn, ṣùgbọ́n ògiri ìjọba ya aláìsàn kúrò lára ẹbí rẹ̀.

Ẹni tí ó wó ògiri náà ni Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1923, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Bámíńgámù tí ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo ayé wá mọ Àrò mọ́. Ilé ìwòsàn tí a ń kọ́ kò tíì parí. Lámbò kò dúró dè é. Ó bá àwọn baálẹ̀ abúlé mẹ́rin tí ó yí Àrò ká sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà kí àwọn aláìsàn máa yá yàrá gbé láàrin wọn. Àdéhùn kan pàtàkì ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan, yálà ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, gbọ́dọ̀ bá a wá láti máa se oúnjẹ fún un, láti máa fọ aṣọ rẹ̀, àti láti máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀ kí ó sì mú un padà lọ́sàn-án. Ilé ìwòsàn, ní tirẹ̀, ran àwọn abúlé náà lọ́wọ́ láti ní omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbẹ́, ó sì ń gbógun ti ẹ̀fọn níbẹ̀. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti wá bá a ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe pé Lámbò kọ ìmọ̀ òyìnbó sílẹ̀. Oògùn òyìnbó wà ní Àrò. Fífi iná mànàmáná gbọn ọpọlọ, èyí tí Ugo Cerletti àti Lucio Bini kọ́kọ́ lò fún ènìyàn ní Róòmù ní ọdún 1938, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó fi kún un ni alábàárìn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i. Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1973. Ó jáde láyé ní ọdún 2004. Asuni ni ó gba ipò rẹ̀ ní Àrò. Títí di òní ni ilé ìwòsàn náà sì ní ẹ̀ka tí ó wà fún ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún.

4. Òfin àti ọmọ tí ó wà láàrin

Nígbà tí àwọn dókítà ń pe amugbó ní aláìsàn, ìjọba ń pè é ní ọ̀daràn. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun ṣe òfin kan tí ó fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ṣe ìjìyà ẹni tí ó bá gbin igbó, tí ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá mu ún. Ìjọba fúnra rẹ̀ rí i pé ó ti le jù. Ní ọdún 1975, a mú ìjìyà ikú kúrò, a sì sọ ìjìyà ẹni tí ó mu ún di ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 1989, òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ náà padà sókè: ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni ó wà nínú ìwé fún ẹni tí a bá ká oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́ tàbí tí ó ń mu ún.

Ní òdì kejì, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916. Òfin tuntun yìí sọ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn àti bí a kò ṣe gbọdọ̀ ṣe é bí ẹranko. NDLEA pàápàá ní ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí ó ń lo oògùn olóró nímọ̀ràn. Síbẹ̀, òfin méjèèjì ń bẹ papọ̀. Ọmọ kan náà tí òfin kan pè ní aláìsàn ni èkejì lè sọ sẹ́wọ̀n. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń pa á mọ́ra títí yóò fi bọ́ sórí. Wọ́n ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, wọ́n sì ń bẹ̀rù ẹnu aráyé. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ.

5. Òjìjí, iná mànàmáná àti òòfà

Títí di àkókò tí a ń kọ iṣẹ́ yìí, kò sí oògùn kankan tí ìjọba Amẹ́ríkà tíì fọwọ́ sí fún ìtọ́jú bárakú igbó. Ìgbaninímọ̀ràn ni ó ṣì ń gbé ẹrù jù lọ. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi yí ojú sí òòfà.

Èrò pé agbára irú èyí lè wo orí kì í ṣe tuntun. Àwọn apẹja wa mọ òjìjí, ẹja tí ó máa ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹja yìí wà nínú odò Náìlì pẹ̀lú, àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ sì ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ibojì wọn. Ní nǹkan bíi ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, oníṣègùn ará Róòmù kan, Scribonius Largus, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀, ti inú òkun, lé orí ẹni tí ẹ̀fọ́rí ń dà láàmú. Ó pẹ́ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè ṣàlàyé ohun tí ó wà nínú ẹja náà.

Ní ọdún 1831, Michael Faraday ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àwárí tí gbogbo ìyókù dúró lé: bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà, iná mànàmáná yóò ṣàn nínú wáyà náà, bí wọn kò tilẹ̀ fara kan ara wọn. Ní ọdún 1896, Arsène d'Arsonval ní Faransé kíyèsí i pé ẹni tí ó bá ki orí bọ inú ìdì wáyà ńlá tí iná ń gbà kọjá máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń bù yẹ̀rì. Ó kù díẹ̀ kí 90 ọdún pé lẹ́yìn ìgbà náà kí Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣẹ́fíìdì tó ṣe ẹ̀rọ tí ó wúlò, ní ọdún 1985. Wọ́n gbé ìdì wáyà lé orí ènìyàn ní ọ̀kánkán apá ọpọlọ tí ń darí ọwọ́, ìka ọwọ́ onítọ̀hún sì fò láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ìrora.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn iṣan inú ọpọlọ ń fi iná tí ó kéré gan-an ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí iná bá gba inú wáyà tí a gbé lé orí kọjá lójijì, agbára òòfà yóò jáde nínú rẹ̀, yóò gba agbárí wọlé bí ẹni pé kò sí egungun níbẹ̀, yóò sì dá iná kékeré sílẹ̀ nínú ọpọlọ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ń ṣe èyí léraléra fún ọjọ́ púpọ̀, ó lè yí bí apá ọpọlọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Kí a má ṣe fi í pe fífi iná gbọn ọpọlọ ti ọdún 1938. Ti òòfà kò gba oorun àtọwọ́dá, kò sì sí gìrì nínú ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe. Ẹni tí a ń tọ́jú jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ là, ó sì lè rìn lọ sílé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí díẹ̀ àti ìrora lára awọ orí ni ó wọ́pọ̀. Gìrì lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ó ní irin nínú orí kò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn.

Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ yìí fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní ọdún 2008, ó sì fọwọ́ sí irú rẹ̀ kan fún àwọn tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ní ọdún 2020. Nínú ìwádìí tí ti sìgá dá lé, ènìyàn 262 ni a pín sí ọ̀nà méjì. Nínú àwọn tí ó gba òòfà gidi, 19.4 nínú 100 jáwọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nínú àwọn tí a fi ẹ̀rọ àfarawé ṣe tiwọn, 8.7 ni. Òòfà ju ìlọ́po méjì lọ. Síbẹ̀, ó yẹ kí a rí ìyókù ìṣirò náà: nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó gba òòfà gidi, bíi mẹ́jọ ni kò jáwọ́.

6. Ohun tí a ti rí nípa igbó

Apá ọpọlọ tí a ń dojú òòfà kọ fún bárakú wà ní iwájú orí, lápá òsì, lókè ojú. Apá yìí ni ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu, tí ó fi ń wọn ohun tí ó dùn lónìí pẹ̀lú ohun tí yóò dunni lọ́la. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé bí ìjánu bá lágbára sí i, ìyánhànhàn kò ní í gbé ẹlẹ́ṣin ṣubú.

Gregory Sahlem àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìṣègùn kan ní Gúúsù Kàrólínà ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣiṣẹ́ jù lórí ti igbó. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn gbà, ẹ̀kọ́ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2018, wọ́n jábọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí a fi òòfà ṣe é kò dín ìyánhànhàn kù ju ẹ̀rọ àfarawé lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n jábọ̀ lórí àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ní kí ó wá gbà á nígbà 20. Ìyánhànhàn àwọn tí ó parí rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ kò lè parí rẹ̀. Ní ọdún 2024, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí tí ó tóbi jù jáde, tí ènìyàn 72 kópa nínú rẹ̀. Wọ́n tún ètò náà tò kí ó lè rọrùn láti wá: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ènìyàn yóò wá, yóò sì gbà á lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ kan, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n fi ìgbaninímọ̀ràn kún un. Àwọn tí ó gba òòfà gidi ní ọ̀sẹ̀ tí wọn kò fi ẹnu kan igbó ju àwọn yòókù lọ ní àkókò tí a ń tọpa wọn lẹ́yìn ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ní ti ìyánhànhàn gan-an, kò sí ìyàtọ̀ tí ó hàn gbangba láàrin ẹgbẹ́ méjèèjì.

Kí ni a lè rí mú nínú èyí? Èkínní, ìrètí wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tíì tó. Ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí òòfà fún bárakú igbó, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń polówó ẹ̀rọ kan pé ó ń wo igbó pátápátá ń ta ohun tí kò ní. Èkejì, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn jáwọ́ kí ìyánhànhàn tó lọ. Kì í ṣe ìgbà tí ọkàn kò bá fà mọ́ ni a ó tó máa pe ìtọ́jú ní àṣeyọrí. Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá jù lọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ dí àwọn oníṣẹ́ ìwádìí náà lọ́wọ́ ni pé aláìsàn kò padà wá. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, onímọ̀ wà níbẹ̀, àga ṣófo.

Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Àrò yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí já sí. Ní 70 ọdún ṣáájú ìwádìí yìí, Lámbò ti rí i pé ìtọ́jú kò lè jẹ́ bí kò bá sí ẹni tí yóò jí aláìsàn láàárọ̀ tí yóò sì bá a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. A kò sọ pé bí a bá gbé òòfà lọ sí Àrò pẹ̀lú ìyá àti ẹ̀gbọ́n, ìṣòro ti parí; ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìwádìí dán èyí wò tí a lè tọ́ka sí. Ohun tí a ń sọ ni pé ìtàn tiwa ti ní ìdáhùn sí apá kan ìbéèrè tí ẹ̀rọ olówó gọbọi kò lè dáhùn. Kí a ro ọmọ Akútè kan tí yóò lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹwàá láàrin ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Owó ọkọ̀ ń kọ́? Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ń kọ́? Òbí tí ó ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ ń kọ́? Ta ni yóò bá a lọ?

7. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan olùkọ́

Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òun ni àgbà tí ó ń rí ọmọ ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Ìwádìí ọdún 2018 tí a mẹ́nu bà lókè fi hàn pé ọjọ́ orí tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ igbó jẹ́ nǹkan bíi ọdún 19. Èyí ni pé fún ọ̀pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni ó kẹ́yìn nínú ibi tí àgbà kan ti lè kíyèsí wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ewu sì pọ̀ jù fún ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, nítorí ọpọlọ ọmọdé ṣì ń dàgbà. Ìjánu tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè wà lára ohun tí ó ń gbó gbẹ̀yìn nínú ọpọlọ ènìyàn.

Nítorí náà, a dá àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí:

(i) Kí olùkọ́ mọ àmì. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tí ó ń sùn ní kíláàsì, tí máàkì rẹ̀ ń já wálẹ̀, tí ó sì ti pa ọ̀rẹ́ tì, lè ní ìṣòro mìíràn. Kí a bi í léèrè kí a tó fẹ̀sùn kàn án.

(ii) Kí a má ṣe fi lílé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ tí a lé ti pàdánù àgbà kan tí ì bá máa bá a rìn.

(iii) Kí olùkọ́ pe òbí ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Yábàá, Àrò tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí. Bí ẹbí bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn, kí a má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún wọn pé dídè ọmọ mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú, kí ilé ìwòsàn má sì ṣe di ibi àbọ̀wá lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́.

(iv) Kí a pín iṣẹ́ alábàárìn. Bí òbí kò bá lè lọ ní gbogbo ìgbà, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ìyá, aládùúgbò tàbí olùkọ́ agbaninímọ̀ràn lè lọ ní ọjọ́ tirẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé láàrin ọ̀rúndún kan ó lé díẹ̀, àbà, ògiri, oògùn, iná mànàmáná àti òfin ni a ti lò fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú tàbí tí igbó ti di bárakú fún. Òòfà ni ó dé kẹ́yìn. Ó tọ́ kí a kí i káàbọ̀, kí a sì máa tẹ́tí sí ohun tí ìwádìí ń sọ nípa rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé láìpẹ́ ọjọ́ yóò di ohun tí dókítà ń lò fún ọmọ wa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn yìí, ìgbà tí ojú ayé yí sí Abẹ́òkúta kì í ṣe ìgbà tí a ra ẹ̀rọ ńlá. Ìgbà tí a ní kí aláìsàn má ṣe dá wá ni.

Ọmọ tí ó ń gba Akútè lọ sí Yábàá tàbí sí Àrò lónìí yóò bá oògùn níbẹ̀, yóò bá dókítà níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù fún ẹbí, fún àdúgbò àti fún olùkọ́ ni bóyá òun nìkan ni yóò wà nínú ọkọ̀.